Ìwé Ilẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùrẹ́: Bí A Ti Lè Wá Wọn Rí àti Bí A Ti Lè Kà Wọ́n

Àwọn àgbà a máa wípé, bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Nínú ọ̀ràn ilẹ̀, àkísà náà ni ìwé àtijọ́ tí ó ti pọ́n, tí ikán ti jẹ létí, tí bàbá kan fi aṣọ dì, tí ó sì fi sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Ẹmùrẹ́, irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà. Níwọ̀n ìgbà tí olórí ẹbí bá wà láàyè, kò sí ẹnití í ṣí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá kú, tí àjèjì kan sì ri òpó kọnkéré mọ́ orí oko, nígbà náà ni àwọn ọmọ yíò sáré lọ ṣí àpótí. Nwọn yíò rí ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún níbẹ̀, kò sì ní sí ẹnìkan nínú wọn tí ó mọ ohun tí ìwé náà ń wí. Ìwé wà, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ ti bá bàbá lọ sí ibojì.

Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ li a ṣe kọ ìwé kékeré yìí. A kò kọ ọ́ fún àwọn lọ́yà, nítorípé nwọ́n ní ìwé tiwọn. Àwọn olùkọ́ àti àwọn ará ìjọ tí ó mọ̀wé li a kọ ọ́ fún, àwọn tí ẹbí máa ń gbé ìwé tọ̀ lọ pé, “Tíṣà, ẹ bá wa wò ó.” Ohun kan ṣoṣo li a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mú dání. Ìwé ilẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni níní ìwé lọ́wọ́ kò sọ ènìà di onílẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni ìwé jẹ́. Ó ń jẹ́rìí sí ohun tí àwọn ènìà kan ṣe ní ọjọ́ kan. A gbọ́dọ̀ bi í léèrè gẹ́gẹ́bí a ti ń bi ẹlẹ́rìí léèrè, kí a sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé ti àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn.

I. Ilẹ̀ kí ìwé tó dé

Kí ìwé tó dé, ilẹ̀ Èkìtì ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ara igi, ara òkúta, ara odò àti ara oyè li a kọ ọ́ sí. Ibi tí oko ẹbí kan parí sí, tí ti òmíràn sì bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ li a gbin pèrègún sí, tàbí kí a fi odò, àpáta tàbí ọ̀pẹ àtijọ́ ṣe ààlà. Nígbàtí bàbá bá mú ọmọ rẹ̀ lọ sí oko, a fi ààlà hàn án, a sì dárúkọ àwọn tí ó bá wọn pààlà. Ẹ kíyèsí èyí: ẹni tí ó bá ni pààlà ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, nítorípé bí ó bá ṣèké nípa ààlà tiwa, ààlà tirẹ̀ li ó ń tú.

Oyè àti ọdún ìlú pẹ̀lú jẹ́ àkọsílẹ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí àpáta Olósùnta gbé dúró lórí ìlú, ìtàn sọ fún wa pé Olúkẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ kí Ògògà tó dé, àti pé ọdẹ tí ó ti ọ̀nà Bìní wá ni Ògògà àkọ́kọ́. Ipò àwọn oyè méjèèjì sí ara wọn ti fa àríyànjiyàn títí dé àkókò tiwa, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìwé yìí láti parí rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé, ẹnití ó bá wo ọdún Olósùnta, tí ó sì ṣe àkíyèsí ẹnití í ṣe ètùtù àti ẹnití í jọ́sìn fún ta ni, ìwé ìtàn ilẹ̀ li ó ń kà, bí a kò tilẹ̀ fi tàdáwà kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà li ó rí ní Ìsẹ̀ lábẹ́ Arínjálẹ̀, àti ní Ẹmùrẹ́ lábẹ́ Ẹlẹ́mùrẹ́. A máa ń wípé ọba li ó ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n olùtọ́jú li ọba jẹ́. Ẹbí li ó ni oko.

Òye yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní ọdún 1912, nígbàtí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí ọ̀ràn ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Ẹlẹ́sì ti Odògbólú ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jẹ́rìí pé àwọn òkú, àwọn alààyè àti àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí li ó jùmọ̀ ni ilẹ̀. Ní ọdún 1921, Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, gbé ọ̀ràn ilẹ̀ rẹ̀ dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì ràn án lọ́wọ́. Àwọn adájọ́ náà gbà pé ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ olóyè, ti àwọn ènìà rẹ̀ ni, kì í ṣe ti ìjọba láti mú lọ́fẹ̀ẹ́.

Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, li ó bí ọ̀kan nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí ó kan ilẹ̀ Èkìtì lápapọ̀. Ìwé náà ni àdéhùn àlàáfíà láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, tí a kéde ní ọjọ́ 23 oṣù September, ọdún 1886. Ó sọ pé àwọn Èkìtì yíò dá dúró, pé Òtan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ yíò wà lábẹ́ Ìbàdàn, àti pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará ìlú mẹ́rin wọ̀nyí tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè kó jáde. Níhìn-ín ni a ti rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí bébà lè sọ ibi tí ààlà wà, bí ẹsẹ̀ onílẹ̀ kò tilẹ̀ kúrò lójú kan.

Ṣùgbọ́n kòkó li ó mú ìwé wọ inú ilé olúkúlùkù. Ẹnití a bá fún ní ilẹ̀ láti gbin iṣu, lẹ́hìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta ilẹ̀ náà yíò padà di igbó, onílẹ̀ yíò sì gba tirẹ̀. Ẹnití ó bá gbin kòkó, ọmọ rẹ̀ ni yíò ká a. Nítorínáà ni àwọn onílẹ̀ ṣe ń sọ fún àlejò pé, “Gbin oúnjẹ, má gbin kòkó, má gbin obì.” Nítorínáà náà ni àwọn àgbẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìwé.

II. Ìbéèrè mẹ́rin tí a gbọ́dọ̀ bi ìwé

Ìbéèrè kìíní: Ta li ó fún ni? Ẹnìkan kò lè dá ta ilẹ̀ ẹbí. Ní ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé-ẹjọ́ gíga orílẹ̀-èdè wa là á yé wa pé, bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ láìgba ìmọ̀ràn àwọn àgbà ẹbí, àwọn ẹbí lè lọ sí ilé-ẹjọ́ láti tú títà náà ká. Ṣùgbọ́n bí àwọn mìíràn bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorínáà, bí ẹ bá ṣí ìwé, ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ àwọn tí ó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà bí ẹni náà ti jẹ́ olórí ẹbí ní ọdún tí a kọ ìwé.

Ìbéèrè kejì: Kí li a fún un? Títà ni, tàbí ẹ̀bùn, tàbí àwìn, tàbí ìdógò, tàbí oko tí a ó máa san ìṣákọ́lẹ̀ lé lórí? Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ li ó ti ibi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí wá. Ẹlòmíràn gba ogún pọ́n-ùn, ó sì fi oko kòkó dógò. Ọmọ ẹnití ó yá a lówó sì ń pe ìwé náà ní ìwé títà. Nínú òfin ìbílẹ̀ wa, ohun tí a fi dógò kì í di títà nítorí pé ó pẹ́. Nígbàkúùgbà tí onílẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ bá mú owó náà wá, yíò gba ilẹ̀ rẹ̀ padà.

Ìbéèrè kẹta: Ilẹ̀ wo ni? Ìwé tí ó wípé “ilẹ̀ mi ní ọ̀nà oko” kò tí ì sọ nǹkankan. Ẹ wá orúkọ odò, orúkọ igbó àti orúkọ àwọn tí ó pààlà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orúkọ ọ̀nà a máa yí padà, ilé a máa wó. Ṣùgbọ́n orúkọ odò kì í tètè kú.

Ìbéèrè kẹrin: Níwájú ta ni? Láti ọdún 1915 ni òfin ti wà tí ó dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé. Akọ̀wé létà tí ó bá bá wọn kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kí ó sì ti ka ìwé náà sí wọn létí kí nwọ́n tó tẹ ìka. Bí ẹ bá rí ìtẹ̀ka láìrí orúkọ ẹnití ó kọ ìwé, ẹ̀rí kan ti sọnù. Ẹ wo orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí pẹ̀lú. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ará ilé ẹnití ó gba ilẹ̀, tí kò sí ẹnìkan láti ọ̀dọ̀ ẹnití ó fún ni, ẹ fi ìbéèrè sí i.

III. Ohun tí ó wà nínú àpótí

Ẹ jẹ́ kí a wàyí ṣí àpótí náà, kí a sì mú àwọn ìwé inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Rísíìtì. Ìwé yìí ń jẹ́rìí pé owó kọjá láti ọwọ́ kan sí èkejì. Òun nìkan kò tó láti gbé ilẹ̀ fún ni. Ṣùgbọ́n nínú òfin ìbílẹ̀, bí a bá ti san owó, tí a sì fi ilẹ̀ lé olùrà lọ́wọ́ níwájú àwọn ẹlẹ́rìí, títà náà pé. Rísíìtì náà yíò sì ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ti ìṣákọ́lẹ̀ ni, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Kò sọ pé ẹnití ó sanwó li ó ni ilẹ̀. Òdì-kejì rẹ̀ gan-an li ó ń sọ. Ní ọdún 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà kéde pé òfin ilẹ̀ tuntun kò sọ àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ di onílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gba oko lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà níwọ̀n ìgbà tí ó bá pa àdéhùn mọ́.

Ìwé àdéhùn tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òfin ìforúkọsílẹ̀ ìwé ilẹ̀ ti ọdún 1924 li ó tan ètò yìí ká. Ẹ wo ẹ̀hìn ìwé tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀: ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́ta, èyíinì ni nọ́ńbà ìwé, ojú-ewé, àti ìdìpọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ikán bá tilẹ̀ jẹ gbogbo ìyókù, ẹ dá nọ́ńbà mẹ́ta wọ̀nyí kọ sí ibòmíràn, nítorípé òun ni kọ́kọ́rọ́ tí yíò ṣí ìkejì ìwé náà ní ọ́fíìsì ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ìforúkọsílẹ̀ a máa wo àìsàn ìwé sàn. Ẹnití kò ní ilẹ̀, bí ó bá tà á, tí a sì forúkọ títà náà sílẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, kò fún olùrà ní ohunkóhun.

Pílánù. Àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà ni èyí. Ó dára fún mímọ ibi tí ilẹ̀ wà àti bí ó ti tóbi tó. Ẹ wo orúkọ awọnlẹ̀ náà, ọjọ́ tí ó yà á, nọ́ńbà àwọn òpó, àti orúkọ àwọn tí ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ ààlà. Àwọn pílánù àtijọ́ ń fi ẹsẹ̀ bàtà àti éékà wọn ilẹ̀. Ti ìsisìyí ń fi mítà àti hẹ́kítà wọ̀n ọ́n, hẹ́kítà kan sì fi díẹ̀ dín sí éékà méjì àbọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ fún awọnlẹ̀ li ó ń yà. Òun kọ́ li adájọ́.

Ìwé kóòtù. Bí àpótí bá ní ìwé ìdájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ nínú, ẹ kà á dé òpin. Ẹ wo ẹnití ó pe ẹjọ́, ẹnití a pè, àti ohun tí a ní kí kóòtù ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹbí ń pariwo pé, “A ti jàre ní kóòtù,” nígbàtí ohun tí ìwé wí kò ju pé a lé ẹjọ́ ẹnìkejì dànù. Bí a bá lé ẹjọ́ olùpẹ̀jọ́ dànù, ó túmọ̀ sí pé òun kò fi ìdí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ múlẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kóòtù gbé ilẹ̀ náà fún ẹnití a pè lẹ́jọ́, àfi bí òun náà bá ti bèèrè fún un.

Ìwé ẹ̀tọ́ ìgbélẹ̀, tí gbogbo ènìà ń pè ní C of O. Òfin Ìlò Ilẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù March, ọdún 1978, li ó bí i. Òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà fún ànfààní gbogbo ènìà. Gómìnà li ó ń fún ni ní ìwé ní àárín ìlú ńlá. Ìjọba ìbílẹ̀ lè fún ni ní tirẹ̀ ní àwọn oko àti abúlé. Ẹnití ó ti ń dá oko rẹ̀ kí ọdún náà tó dé, òfin náà gbà pé kí ó máa bá a lọ, bí kò tilẹ̀ ní ìwé. Ìwé yìí li ọlá púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ti wí léraléra pé àmì ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ìdí ẹ̀tọ́. Bí ẹlòmíràn bá fi hàn pé ilẹ̀ náà jẹ́ tirẹ̀ kí a tó fi ìwé náà fún ni, ilé-ẹjọ́ lè fagi lé e.

IV. Bí a ti í mọ ìwé èké

Ẹnití ó bá fẹ́ ṣe ayédèrú ìwé máa ń gbàgbé ìtàn. Níhìn-ín ni olùkọ́ ti lè ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìà kò lè ṣe, nítorípé ó mọ ọdún àti ìṣẹ̀lẹ̀.

Pọ́n-ùn àti ṣílè ni owó wa títí di òpin ọdún 1972. Ọjọ́ kìíní oṣù January, ọdún 1973, ni náírà bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé kan bá wípé ọdún 1965 li a kọ òun, tí ó sì ń ka owó ní náírà, ẹ béèrè bí ó ti ṣe mọ orúkọ ọmọ tí a kò tí ì bí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò sí kí oṣù February, ọdún 1976 tó dé. Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò sí ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù October, ọdún 1996. Kò lè sí C of O ní agbègbè wa ṣáájú 1978. Fóònù alágbèéká tí gbogbo ènìà ń lò dé ní ọdún 2001; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà lórí ìwé tí a wípé ọdún 1985 li a kọ, ọ̀rọ̀ ti tán. Orí ọba tí ó wà lára sítáǹpù ìfìwéránṣẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ rísíìtì náà ń sọ̀rọ̀: George Karùn-ún kú ní 1936, George Kẹfà sì kú ní 1952.

Bí ẹ bá rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe kánjú pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ó lè jẹ́ pé ìwé àtijọ́ ti gbó, tí ẹnìkan sì dà á kọ sórí bébà tuntun láìsọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bèèrè fún ti àkọ́kọ́. Bí kò bá sí, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ bí ẹ ti rí i.

V. Ibi tí a ti lè rí ìkejì ìwé

Ẹnití ń wá ìwé ilẹ̀ ní agbègbè wa gbọ́dọ̀ rántí pé olú-ìlú tí à ń sìn ti yí padà ní ìgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò kúrò lójú kan. Láti 1915 ni Èkìtì ti wà nínú Ẹkùn Oǹdó, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Àkúrẹ́. Ní ìgbà ìjọba Western Region àti Western State, Ìbàdàn ni olú-ìlú. Láti 1976 a padà sí Àkúrẹ́ lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Láti 1996, Adó-Èkìtì ni. Nítorínáà, kí ẹ tó dìde, ẹ wo ọdún tí ó wà lórí ìwé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Bí ọdún náà bá ṣáájú 1996, ẹ béèrè ní Àkúrẹ́ pẹ̀lú. Bí ó bá ṣáájú 1976, ẹ má ṣe gbàgbé Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ènìà ti sọ ìrètí nù nítorípé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni nwọ́n kàn.

Ní Ìbàdàn náà, nínú ọgbà Yunifásítì, ni ilé ìwé ìrántí orílẹ̀-èdè wà, tí à ń pè ní National Archives. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike li ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1954, nígbàtí ikán àti òjò ti ń ba ìwé ìjọba jẹ́ káàkiri. Níbẹ̀ ni ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó wà, tí a pín sí abẹ́ orúkọ bíi Ondo Prof àti Ekiti Div. Ẹ ó rí ẹ̀bẹ̀ tí àwọn olóyè kọ, ìjà ààlà láàrin ìlú àti ìlú, àti ìwé ìwádìí tí a pè ní Intelligence Report, tí a kọ púpọ̀ nínú wọn láàrin 1930 sí 1939, N. A. C. Weir li ó kọ ti agbègbè Adó ní 1933. Bí ẹ bá ń wá Ìkẹ́rẹ́ níbẹ̀, ẹ rántí pé “Ikerre” ni àwọn òyìnbó máa ń kọ. Ìwé àwọn ajíhìnrere C.M.S. pẹ̀lú wà níbẹ̀, òmíràn sì wà ní Yunifásítì Birmingham ní Ìlú Ọba. Fún ẹnití ó fẹ́ mọ àṣà ilẹ̀ ju ìwé ẹyọ kan lọ, ìwádìí tí H. L. Ward Price ṣe ní 1933 lórí ilẹ̀ Yorùbá, àti ìwé P. C. Lloyd ti 1962, tí Adó-Èkìtì jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú mẹ́rin tí ó yẹ̀ wò, yíò là á lójú.

Ilẹ̀ tí ìjọba gbà, tàbí èyítí ó sọ di igbó ọba, irú èyí tí ó wà ní Ìsẹ̀, inú ìwé ìkéde ìjọba tí à ń pè ní Gásẹ́ẹ̀tì li a gbọ́dọ̀ wá ààlà rẹ̀ sí. Ẹ má ṣe gba ti ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ọwọ́ juwe ní ojú pópó pé “títí dé ibẹ̀ yẹn ni.”

Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí àwọn ènìà kì í rántí: ìwé ìjọ àti ìwé ilé-ìwé. Ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìsìnkú li orúkọ àti ọjọ́ nínú. Bí a bá wípé bàbá kan tẹ̀ka sí ìwé ní oṣù June, tí ìwé ìsìnkú sì fi hàn pé oṣù March ọdún náà li a sin ín, kò sí lọ́yà tí ó lè dá òkú lápá. Nítorínáà, ẹ̀yin akọ̀wé ìjọ, ẹ tọ́jú àwọn ìwé wọ̀nyí bí ẹni ń tọ́jú ẹyin.

VI. Nígbàtí ìwé àti ẹnu kò bá bá ara wọn mu

Àwọn kan wípé, “Ìwé li ó lágbára jù.” Àwọn mìíràn wípé, “Ìtàn àwọn bàbá wa ju ìwé lọ.” Òfin ilẹ̀ wa kò tẹ̀lé èyí tàbí èyíinì ní afọ́jú. Ní ọdún 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìà lè gbà fi hàn pé òun li ó ni ilẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, ìwé, ìṣe onílẹ̀, bíi títà, fífún ni àti gbígba ìṣákọ́lẹ̀, pípẹ́ lórí ilẹ̀ láìsí ìdíwọ́, àti níní ilẹ̀ tí ó so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwé jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún.

Bí ẹbí méjì bá sì ní ìtàn méjì tí ó tako ara wọn ńkọ́? Ọ̀ràn kan ti Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana nísisìyí, dé Privy Council ní 1957, ìyẹn ni ẹjọ́ Kojo àti Bonsie. Àwọn adájọ́ wípé a kò gbọdọ̀ wo ẹnití ó sọ̀rọ̀ dídùn jù tàbí ẹnití ojú rẹ̀ jọ ti olóòótọ́, nítorípé ẹni rere lè ti gba ìtàn tí kò tọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Kí a fi ìtàn méjèèjì wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àìpẹ́ tí àwọn ènìà lè rántí: ta li ó ń ro oko náà, ta li ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, òkú ta li a sin síbẹ̀? Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn àgbà wa náà, bí nwọ́n bá fẹ́ parí ìjà ààlà, nwọn a dìde kúrò níjòkòó, nwọn a sì lọ sí oko lọ wò ó.

VII. Ilẹ̀ ìjọ àti ilẹ̀ ilé-ìwé

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa fúnra wa. Ọ̀pọ̀ ilé ìsìn àti ilé-ìwé ní Èkìtì li a kọ́ sórí ilẹ̀ tí ọba, àwọn olóyè tàbí ẹbí kan fi ẹnu fi tọrẹ. Nígbàtí ìjọba Western Region bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù January, ọdún 1955, àwọn ìlú tún fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-ìwé pẹ̀lú ayọ̀. Ta ni ìbá bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnití ń ṣe oore? Àwọn tí ó fún ni ti lọ, àwọn tí ó gbà ti lọ, ìlú ti dàgbà dé ibi tí oko wà nígbà náà, àwọn ọmọ-ọmọ sì ń bèèrè pé, “Ta li ó fún yín?”

Kí ẹ tó dá wọn lóhùn, ẹ lọ wá ìwé. Ẹ wo ìwé ìpàdé ìjọ ti ọdún náà. Ẹ wo ìwé ìrántí tí ọ̀gá ilé-ìwé ń kọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó bá wa pààlà. Bí ẹ bá sì rí i, ẹ kà á bí ó ti wà, kì í ṣe bí ẹ ti fẹ́ kí ó wà. Ó lè jẹ́ pé ìwé náà yíò wípé ilé-ìwé li a fún ní ilẹ̀, kì í ṣe ìsọ̀ tí a ń gba owó lé lórí. Ó lè wípé títí dé ìdí igi ìrókò ni, tí àwa sì ti mọ odi kọjá ìdí ìrókò. Ẹlẹ́rìí tí a bá gbà nígbàtí ó dá wa láre, a kò lè lé e jáde nígbàtí ó bá dá wa lẹ́bi. Ẹnití ó bá fi òtítọ́ ka ìwé tí ó ta ko ara rẹ̀, òun ni àwọn ènìà yíò gbà gbọ́ nígbàtí ó bá ka èyítí ó gbè é.

Iṣẹ́ kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà tí ó mọ ààlà ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n nwọn kò pọ̀ mọ́. Kí olùkọ́ mú ìwé àti kálàmù, kí ó bá bàbá tàbí ìyá àgbà lọ sí oko pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹbí, kí ó sì pe àwọn tí ó bá wọn pààlà láti bá wọn rìn. Kí ó kọ orúkọ odò, orúkọ igi àti orúkọ ẹni; kí ó kọ ọjọ́ tí nwọ́n rìn ín; kí ó kà á sókè sí gbogbo wọn létí, kí olúkúlùkù sì fọwọ́ sí i tàbí kí ó tẹ̀ka. Kí a ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ẹbí, ọ̀kan fún àwọn tí ó pààlà, ọ̀kan fún ẹnití gbogbo wọn fi ọkàn tán. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe C of O, kò sì sọ ẹnikẹ́ni di onílẹ̀. Ẹ̀rí àwọn tí ó mọ̀ ni, tí a gbà sílẹ̀ nígbàtí ẹnu wọn ṣì lè sọ ọ́, kí ìjà tó dé, nígbàtí kò sí ẹnití èké yíò pè ní ànfààní.

Ní ọjọ́ tí a bá tún ṣí àpótí náà, àwọn ọmọ kì yíò rí àkísà nìkan. Nwọn yíò rí ìwé tí nwọ́n lè kà, nwọn yíò sì mọ ọ̀nà oko bàbá wọn.